Orúkọ Tí Wọ́n Fi Àánú Gbà Lọ́wọ́ Màmá Bùsáyọ̀

Nígbà tí obìnrin náà padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà Ọba nílùú Benin, kó tó dé ilé pàápàá, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí kò ti sí nílùú, ẹni àkọ́kọ́ tó rí i ni ìyá aláṣọ ìkélé tí ìsọ̀ àwọn méjèèjì kọjú síra. Tayọ̀tayọ̀ ni ìyá yìí fi ké láti òdìkejì pé, "Màmá Táyọ̀! Màmá Táyọ̀ ti dé o! Ẹ káàbọ̀, mà!" Obìnrin náà wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń kí. Kò rí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ ju ògiri lọ, àti àwọn ìdì aṣọ tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Ìgbà yẹn ló tó yé e pé òun ni wọ́n ń pè.

Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń ta ańkárá nínú ọjà yẹn, Màmá Bùsáyọ̀ sì ni gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí. Àwọn Ẹ̀dó tí wọ́n jọ ń tajà ń pè é ní Iye Busayo. Àwọn oníbàárà tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, tí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé orúkọ ọmọ ni, ń pè é ní Mama Busayo bí ẹni pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Ọláfúnkẹ́ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ gan-an ti di ohun tí èèyàn ń rí nínú ìwé ìgbéyàwó nìkan.

Ìparí ọdún 2013 ni Bùsáyọ̀ kú. Nígbà tí ìyá rẹ̀ fi máa padà sọ́jà, wọ́n ti pa orúkọ ìyá dà.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ṣèpàdé lé e lórí o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Bí àkọ́bí obìnrin kan bá kú, ẹnu gbogbo èèyàn á kàn rọra kúrò lórí àkọ́bí, á bọ́ sórí èkejì, kí wọ́n má baà máa fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń ṣe é, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Iléṣà ti ń ṣe é, àwọn Ẹ̀dó inú ọjà náà ti kọ́ ọ lára wọn. Iye Táyọ̀! Àánú ni, kò sẹ́ni tó lè jiyàn pé kì í ṣe àánú. Ṣùgbọ́n àánú burúkú ni. Èèyàn pàdánù ọmọ tán, wọ́n tún wá ń gba ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i bí wọ́n ti ń gbà á.

Táyọ̀ kò ṣẹ̀ o. Ọmọ dáadáa ni Akíntáyọ̀, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Ṣùgbọ́n Bùsáyọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìyá.

Ọdún 1991, ọdún tí wọ́n pín ìpínlẹ̀ Bendel sí méjì, ni báńkì gbé ọkọ Màmá Bùsáyọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnwálé, láti Iléṣà wá sí Benin. Bùsáyọ̀ ṣì kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló jókòó lé nínú ọkọ̀. Ilé tí wọ́n gbà kò jìnnà sí ọjà Santana, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí Táyọ̀ sí. Kí ó tó pẹ́, ọmọbìnrin náà ti di ará Benin pátápátá. Ó ń gbọ́ Yorùbá ketekete, ṣùgbọ́n kò ní fi dáhùn láyé. Ìyá á ní, "Bùsáyọ̀, ṣé o ti jẹun?" Ọmọ á ní, "I don chop, Mummy." Ìyá á ní, "Ṣé Warri ni mo ti bí ọ ni?" Ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, á sì ti bá ẹnu ọ̀nà jáde.

Jíjáde yẹn gan-an ni ìjà wọn. Ẹsẹ̀ Bùsáyọ̀ kì í gbélé. Bí wọ́n bá rán an ní ata ní Santana, ata á kọ́kọ́ pẹ́ títí tí epo á fi jóná lórí iná. Lọ́jọ́ kan, nígbà tó ṣì wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, inú bí ìyá rẹ̀, ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń ta gàrí, ó jókòó lórí kéèsì ọtí tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, òun àti ọmọ obìnrin náà tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Comfort ni orúkọ ọmọ yẹn. Adití ni. Iléèwé àwọn adití ló ń lọ, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nílé kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè yẹn, títí kan ìyá rẹ̀. Bùsáyọ̀ nìkan ló ní òun fẹ́ gbọ́.

Ohun tí Màmá Bùsáyọ̀ rí lọ́jọ́ náà kò kúrò lójú rẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀ tí kì í fi Yorùbá sọ gbólóhùn kan dópin ló ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ báyìí, tí ọwọ́ náà ń yára ju kí ojú tẹ̀ lé e lọ. Comfort ò tíì sọ tirẹ̀ tán tí Bùsáyọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín, Comfort náà á gbá a lẹ́sẹ̀ pé kó jẹ́ kóun parí ẹ̀ ná. Ariwo ọjà ń lọ lórí wọn, àwọn méjèèjì dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ju gbogbo ọjà lọ. Ìyá náà dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀. Ó gbàgbé ìbínú. Ó rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n délé tó rí ìkòkò tó ti jó dúdú, ó sì na Bùsáyọ̀ díẹ̀.

Kì í ṣe áńgẹ́lì o, kí ẹnikẹ́ni má fi ikú sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Yàrá rẹ̀ kì í gún. Ó ń gbàgbé kọ́kọ́rọ́ síta. Ó lè jẹ ẹran àwọn mẹ́ta nínú ìkòkò, kó sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rín bọ́ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ọmọ náà mọ́, ara rẹ̀ sì yá. Nígbà tó wọ yunifásítì tó gba yàrá sí Ekosodin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adití tó wà níbẹ̀ ò mọ bí wọ́n ṣe máa jẹ́ kí dọ́kítà mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, tàbí ohun tí olùkọ́ sọ nígbà tó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Bùsáyọ̀ ni wọ́n ń wá. Yóò ti ibí lọ sí báńkì, yóò gba ibẹ̀ lọ sí ọsibítù, yóò sì tún yà sí Ọjà Ọba láti bá ìyá rẹ̀ palẹ̀ ìsọ̀ mọ́. Bó bá ti dé, kó tó kí èèyàn, á fi ìka nu òógùn iwájú orí rẹ̀, á sì gbọ̀n ọ́n dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fìrì! Ìyá á ní, "Ta ló ń lé ọ kiri báyìí?" Á ní, "Nobody dey pursue me, Mummy. Na me dey pursue dem."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, Yorùbá ni pásítọ̀ fi ń wàásù, ẹnì kan sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ. Bùsáyọ̀ kó àwọn adití wá, ó fi wọ́n sí ìjókòó iwájú, ó dúró níwájú wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ túmọ̀. Bàbá Èṣùbíyì, tó jẹ́ àgbà ìjọ, ní ọmọ náà ń fi apá jù kiri, kò jẹ́ kí òun gbọ́ ìwàásù. Pásítọ̀ ní kí Bàbá máa dijú nígbà náà, nítorí etí la fi ń gbọ́ ìwàásù. Lọ́jọ́ ìkórè ọdún yẹn, bí ìjọ ti ń kọrin, gbogbo ìjókòó iwájú dìde, wọ́n ń fi ọwọ́ kọ ọ́. Bàbá Èṣùbíyì wò ó títí, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì ń fi agbádá nu omijé. Láti ọjọ́ yẹn, òun ló ń tètè wá tọ́jú ìjókòó náà fún wọn.

Síbẹ̀, ọjọ́ kan ló wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ lójú ìyá rẹ̀. Comfort tó ti dàgbà tó ti lọ́kọ ló ń rọbí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ pe Bùsáyọ̀, Bùsáyọ̀ sì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó bá òun gbé oúnjẹ wá sí ọsibítù. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dá Màmá Bùsáyọ̀ dúró sí, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n fi dínà kò pàdé dáadáa. Ó rí wọn. Agbẹ̀bí ń pariwo pé kí Comfort máa tì, Comfort kò gbọ́. Bùsáyọ̀ ń fi ọwọ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ìrora ti pa Comfort lójú dé, kò rí ọwọ́ mọ́. Àfi bí Bùsáyọ̀ ṣe gbá àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mú. Bí agbẹ̀bí bá ní kó tì, á fún ọwọ́ náà. Bó bá ní kó sinmi, á tú u. Comfort ti mọ ohun tó ń sọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ṣe é, ní fífún àti ní títú, títí ọmọ fi dé.

Ọmọ náà ké. Gbogbo wọn gbọ́, ìyá rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́. Comfort la ojú, ó ń wo ẹnu kálukú pẹ̀lú ẹ̀rù. Bùsáyọ̀ gba ọmọ náà lọ́wọ́ agbẹ̀bí, ó gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, ó mú ọwọ́ Comfort, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọmọ. Comfort fi ọwọ́ gbọ́ igbe náà bó ti ń gbọ̀n lára ọmọ. Òun náà bú sẹ́kún. Màmá Bùsáyọ̀ tó dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé gbé oúnjẹ sílẹ̀. Ẹ̀rù ọmọ rẹ̀ bà á, ẹ̀rù tó dùn mọ́ni nínú. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé inú mi náà lèyí ti jáde? Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó kàn rí ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe, ó sì ṣe é, lẹ́yìn náà ló jáde, ó fi ìka nu òógùn rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n dànù, ó ní, "Mummy, which food you bring?"

Nígbà tó parí yunifásítì, ó di olùkọ́ níléèwé àwọn adití. Wọ́n rán an lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìbàdàn. Nígbà tó ń padà bọ̀, kí wọ́n tó dé Òrè, ọkọ̀ wọn àti ọkọ̀ akẹ́rù kan forí sọ ara wọn. Òótọ́ ibẹ̀ kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òkú ọ̀dọ́ kì í pẹ́ nílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ló sin ín, wọ́n ní òbí kì í mọ sàréè ọmọ, wọn ò sì jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹbí ní kò yẹ kí ìyá máa wo yàrá rẹ̀, wọ́n bá mú un lọ sí Iléṣà. Nígbà tó fi máa padà ní ọdún 2014, yàrá ti di ibi tí wọ́n ń kó àpò ìrẹsì sí, àwọn fọ́tò ti kúrò lára ògiri pálọ̀, orúkọ tuntun sì ti ń dúró dè é lẹ́nu gbogbo ayé.

Ti ọjà ò tó ti ilé. Ọkọ rẹ̀ tí kò pè é ní nǹkan míì rí ju Màmá Bùsáyọ̀ lọ ló kí i káàbọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé, "Màmá Táyọ̀, ẹ kú ìrìn." Ó ní, "Bàbá Bùsáyọ̀..." Ọkùnrin náà yára gbọ́wọ́ sókè.

"Jọ̀wọ́. Mo bẹ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ yẹn nínú ilé yìí mọ́. Ọ̀fun mi kò gbà á. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, ó ń ṣe mí bíi kí n ṣubú."

Ó rí i pé irọ́ kọ́ ló ń pa. Ọkùnrin náà ti rù, kọ́là ẹ̀wù ń yí lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà ó gbà. Ṣùgbọ́n kò lè pè é ní Bàbá Táyọ̀. Ẹ gbọ́ ló ń pè é. Ẹ gbọ́, oúnjẹ ti délẹ̀. Ẹ gbọ́, wọ́n ti mú iná lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé, tọkọtaya tí kò ní orúkọ lẹ́nu ara wọn.

Ẹ̀rù kan wá ń bà á tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ rántí ohùn Bùsáyọ̀, kò rí i mú. Ó wá a títí, kò rí i. Ó wá yé e pé bí gbogbo ènìyàn bá fi àánú pa orúkọ ọmọ yìí mọ́lẹ̀ báyìí, ọdún díẹ̀ ni yóò gbà, yóò wá dà bí ẹni pé kò wá sáyé rí. Òun tó jẹ́ ìyá rẹ̀ gan-an á máa jẹ́ Màmá Táyọ̀ títí wọn óò fi gbé òun náà lọ.

Ọjọ́ Sátidé kan ló rí Comfort tó ń bọ̀ láàárín èrò Ọjà Ọba, ó di ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré mú lọ́wọ́. Ìgbà tí ìyá wà ní Iléṣà ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá kí wọn nílé tí wọn ò bá a. Bó ti rí i, ó já ọwọ́ ọmọ sílẹ̀, ó sáré wá dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó sún sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ Yorùbá, ó fi àtàǹpàkò kan àgbọ̀n rẹ̀, ó sì fi ìka nu iwájú orí rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fìrì!

Gbogbo ara ìyá náà bù máṣọ. Kò mọ èdè ọwọ́, ṣùgbọ́n ó mọ ìka yẹn. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó fi ọwọ́ pe Comfort pé kó máa bọ̀ nílé.

Táyọ̀ wà nílé, ó ń dúró de ìwé ìsìnrúùlú, ó sì mọ ìwọ̀nba èdè ọwọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ọ. Òun ló lọ dúró níwájú àwọn adití ní Sunday àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú náà, nígbà tí wọ́n jókòó sí ìjókòó iwájú tí wọ́n ń wo ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, tí kò sì sẹ́ni tó lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Bàbá rẹ̀ wà ní pálọ̀, ó na ìwé ìròyìn síwájú ojú bí ògiri. Comfort kí i, ó nawọ́ sí ìyá náà, ó tún fi àtàǹpàkò kan àgbọ̀n, ó sì fi ìka nu iwájú orí rẹ̀ bó ti ṣe lọ́jà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Táyọ̀ ń túmọ̀.

Comfort ní láìpẹ́ yìí, ara ọmọ òun gbóná, òun gbé e lọ sí ọsibítù kan tí òun ò dé rí. Òun ń wá bíbélì... rárá, Táyọ̀ ní òun ṣì í, bírò ni, bírò tí òun máa fi kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Kí òun tó rí i, nọ́ọ̀sì kan tí òun ò mọ̀ rí gbé ọwọ́ sókè, ó sì fi ọwọ́ béèrè pé, níbo ló ń dun ọmọ? Ẹnu ya òun. Òun bi í pé ta ló kọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì náà ní... Táyọ̀ dákẹ́ síbẹ̀. Comfort nu iwájú orí rẹ̀, ó gbọ̀n ìka dànù, ó ń dúró kí ó túmọ̀. Táyọ̀ ní, "Ó ní ẹnì kan ló kọ́ ọ." Nọ́ọ̀sì náà ní gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà ní wọ́ọ̀dù àwọn lẹni náà kọ́, pé gbogbo ìgbà tó bá ní àyè ló ń wá, pé àwọn náà ti ń kọ́ àwọn ẹlòmíì.

Ìwé ìròyìn rọra sọ̀ kalẹ̀. "Kí ni èyí tó ń ṣe sí iwájú orí yẹn? Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, o ò túmọ̀ rẹ̀."

Táyọ̀ wo ìyá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Daddy, you say make we no call am for this house."

Ọkùnrin náà ní, "Orúkọ rẹ̀ nìyẹn?"

"Yes, sir. Na so all of them dey call am. Everywhere for this Benin." Ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀. "And the one wey she do for Mummy when dem enter, na mama e mean, come join the name."

Gbogbo Benin ti pa orúkọ ìyá dà, àwọn adití nìkan ni kò pa á dà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó ti yí padà. Ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìlú fún wọn ti kú. Màmá Bùsáyọ̀ bo ojú rẹ̀, ó sunkún níwájú àlejò, kò sì tijú. Ó ti rò pé orúkọ ọmọ òun ń kú lọ, láìmọ̀ pé àwọn tí kò mọ òun rí ń fi ọwọ́ pè é ní wọ́ọ̀dù, ní iléèwé, àti ní Ekosodin, níbi tí etí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ ọ kó sì ní kí wọ́n dákẹ́.

Nígbà tí Comfort lọ tán, ó wọ ilé ìdáná láti lọ gbé omi ẹ̀bà kaná. Ó gbọ́ ìṣísẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó la ẹnu láti pè é, ètè rẹ̀ mì, kò sí ohùn. Ó tún gbìyànjú. Kò jáde.

Ó wá gbé ọwọ́ sókè. Ó fi àtàǹpàkò kan àgbọ̀n ara rẹ̀, bí ẹni tí kò dá a lójú. Ó fi ìka nu iwájú orí rẹ̀, ó sì gbọ̀n ọ́n dànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Obìnrin náà gbé ìkòkò sílẹ̀.

"Bàbá Bùsáyọ̀," ó ní, "mo gbọ́."